Fáìlì Kẹfà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú. N kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi, n kò sì sọ ọ́ fún àbúrò mi. Mo di ọ̀nà mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó sì gbà títí di òní pé ọwọ́ ara òun ni òun fi dí i. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ìwé kan wà lórí tábìlì mi tí mo gbọ́dọ̀ dá lóhùn kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí mo bá tún purọ́ nínú èsì náà, ọ̀nà ọmọ náà kò ní ṣí mọ́ láé.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ní Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà mí ni mo ti wà ní yàrá tí a ń kó fáìlì sí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní rẹ́jísírì. Ó ku oṣù mẹ́rin kí n fẹ̀yìn tì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Fáìlì kì í rìn lásán. Bí Ọ̀gá bá kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí ó lọ bá lágbájá, rẹ́jísírì ló máa gbé e lọ. A ní ìwé ńlá kan tí a fi ń tọ ipasẹ̀ àwọn fáìlì. N óò kọ nọ́ńbà fáìlì síbẹ̀, n óò kọ ọjọ́, n óò kọ orúkọ ẹni tó ń gbà á, ẹni náà yóò sì fọwọ́ sí i níwájú. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ni fáìlì wà. Bí fáìlì bá sọnù, òun la óò bi. Kì í sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Èmi ni mo ń kọ ìwé yẹn. Kò sẹ́ni tó rí àṣìṣe mi nínú rẹ̀ rí. Mẹ́sẹ́ńjà wa, ọkùnrin Kàlàbá kan tí òun náà ń gbé Ajégúnlẹ̀, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Madam, book wey you write no dey lie o. If e talk say na me carry file, make dem just hold me." Gbogbo ọ́fíìsì á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, inú mi á sì dùn.

Ọkọ mi ti kú ṣáájú kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. A kò bímọ. Amùkòkò ni mo ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀. Ariwo pọ̀ ní àdúgbò wa: ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá ọ̀tún, mọ́ṣáláṣí wà lẹ́yìnkùlé, ẹ̀rọ àwọn télọ̀ ń dún níwájú ilé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá sí rẹ́jísírì. N óò fún un lórúkọ mìíràn níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ràlíà.

Ràlíà ti jáde ní pólì. Ìwé rẹ̀ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n kò fi hàn mí lọ́jọ́ kan. Mo kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń rán fáìlì tó ya, bí a ṣe ń ka ohun tí Ọ̀gá kọ kí a tó gbé e lọ, àti bí a ṣe ń wá ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ gan-an ti gbàgbé. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ọ nìyí: "Ka iye fáìlì kí o tó fọwọ́ sí ìwé. Má wo ojú ẹni tó gbé e wá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, tó bá jẹ́ ojú tiyín ńkọ́?"

Mo ní, "Ka tèmi náà."

Kò ka tèmi rí.

Ní ọ̀sán, òun á ra ẹ̀wà aganyìn, èmi á ra búrẹ́dì, a ó sì jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì. Á ní, "Àǹtí, ẹ tún ti ti gbogbo ata sí apá ọ̀dọ̀ mi. Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Bí Ramadan bá dé, tí ó ń gbààwẹ̀, èmi náà kì í jẹun ọ̀sán. Mo sọ fún un pé ẹ̀wà máa ń da inú mi láàmú nígbà ooru. Irọ́ ni. N kò fẹ́ dá jẹun ni.

Bí a bá jáde níṣẹ́, tírélà ti máa ń dí Liverpool Road pa. A ó fẹsẹ̀ rìn títí a ó fi rí kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ajégúnlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tírélà ni Ràlíà máa ń rìn, á ní kí èmi máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Á ní, "Èmi lè sáré, ẹ̀yin kò lè sáré." Kò tíì sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ fún mi láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú.

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n gbé e kúrò ní rẹ́jísírì lọ sí ẹ̀ka ètò òṣìṣẹ́, tó dojú kọ wa gan-an. Kò yí padà. Ọ̀sán tó bá ti tó, á wọlé wá pẹ̀lú abọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá wa nígbà náà, obìnrin ni. Ó fẹ́ràn kí ó máa tọ́ àwọn ọ̀dọ́. Bí ó bá fẹ́ ṣe ìpàdé, á mú ọ̀dọ́ kan, Ràlíà lọ́pọ̀ ìgbà, pé kí ó wá darí rẹ̀, òun á sì jókòó sẹ́yìn. Ó sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá tí kò bá tọ́ ẹni tí yóò jókòó sórí àga rẹ̀, àga lásán ló ń ṣọ́." Mo rántí pé mo mi orí. Mo wo Ràlíà, mo sì rò pé èmi náà ń tọ́ ẹnìkan.

Ìwé kan wá láti òkè. Wọ́n fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí yóò lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe olórí. Oṣù mẹ́sàn-án ni ní Àbújá. Bí wọ́n bá parí, wọn kò ní padà sí ibi tí wọ́n ti wá, ipò gíga ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Ọ̀gá kọ ọ́ sínú fáìlì tí ìwé náà wà pé: "Ràlíà ni mo yàn. Kí ó kọ fọ́ọ̀mù inú rẹ̀, kí ó dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì." Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ṣí fáìlì kí ó sì rí i. Ní ọjọ́ kejì ó lọ sí ìsinmi ọdún rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n kà á.

Mo jókòó. Mo ka oṣù mẹ́sàn-án lórí ìka ọwọ́ mi. Mo rò ó pé bí oṣù mẹ́sàn-án bá parí, kò ní padà wá. Mo rí ara mi lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú búrẹ́dì mi.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ òótọ́ gbogbo. Mo ti bi ara mi bóyá ìlara ni. Ìlara wà níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó yan èmi fún ohunkóhun rí, ìwé mẹ́wàá kò gbé ènìyàn lọ sí Àbújá. Ṣùgbọ́n ìlara náà kò pọ̀. Ẹ̀rù ìdáwà ló bà mí.

Fáìlì mẹ́fà ló yẹ kí n gbé lọ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ìwé ńlá, ìlà mẹ́fà. Mo gbé márùn-ún. Mo kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo gbé wọn kalẹ̀, mo ṣí ìwé. Ó ń sọ fún mi nípa àlá kan tí ó lá, pé mo wọ bàtà gogoro lọ sí ọjà Boundary. Ẹ̀rín ń pa á. Ó mú bírò, kò wo ìwé dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìlà mẹ́fà.

Kò kà á.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti sọ fún ara mi pé ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ dá a dúró, kí n lè rí àyè ronú. Kì í ṣe òótọ́. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré ni, n kì bá tí kọ ìlà kẹfà.

Mo fi fáìlì náà sínú fáìlì òṣìṣẹ́ kan tó ti kú tipẹ́, mo sì gbé e sórí pẹpẹ òkè pátápátá. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí í béèrè fáìlì òkú.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Mo ń bá a jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́. Ọ̀gá dé, ó pè é. Ó ní, "Ràlíà, fọ́ọ̀mù rẹ dà?" Ràlíà ní, "Fọ́ọ̀mù wo, mà?" Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n gbé ìwé ńlá wá.

Mo gbé e wá. Mo ṣí i. Ọ̀gá fi ìka tẹ ìlà kẹfà. Ó ní, "Ṣé ọwọ́ rẹ kọ́ nìyí?"

Ràlíà wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni, mà."

Ọ̀gá kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí jù nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ó bi mí, bóyá ǹ bá ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi ìwé tí kì í purọ́?

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ràlíà fi wá fáìlì náà. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní rẹ́jísírì, ó ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, eruku bò ó lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bú mi kí ẹ tó gbọ́ eléyìí: mo bá a wá a. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń tú fáìlì, mo ń sọ pé "Kò sí níbí, wo ọ̀hún." Fáìlì náà wà lókè orí wa. Ní ọjọ́ kẹta ó dìde, ó gbọn eruku nù lára síkáàfù rẹ̀, ó sì dojú kọ mí.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Mo kó ìtìjú bá yín."

Èmi ni ó ń bẹ̀. Mo ní kò burú. Ohun tí mo sọ nìyẹn, pé kò burú.

Ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé Àbújá kọjá. Kò sí ẹnì kankan tó lọ láti ilé-iṣẹ́ wa. Wọ́n fún Ràlíà ní ìwé wí-tẹnu-rẹ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì pé àìbìkítà òun ló sọ fáìlì ìjọba nù, pé kí wọ́n ṣàánú òun. Èmi ni mo gbé ìwé méjèèjì sínú fáìlì rẹ̀. Mo fún wọn ní nọ́ńbà ojú ewé.

Mo rò pé nǹkan yóò padà sí bí ó ṣe wà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ra búrẹ́dì. Kò wá. Mo lọ bá a. Ó ní òun kò lè máa jẹun ní rẹ́jísírì mọ́, ojú ń ti òun láti máa wo àwọn fáìlì. Lẹ́yìn oṣù kan ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ọ́fíìsì wa kejì, tó wà lẹ́bàá Àpápá GRA. Ọ̀nà mìíràn ni ó ń gbà lọ sílé láti ìgbà náà.

Irọ́ ni mo fi dá a dúró, ṣùgbọ́n kò dúró tì mí. Láti ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń dá jẹ búrẹ́dì mi lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ní ibi tí mo bẹ̀rù gan-an pé mo máa wà.

Tí ó bá jẹ́ pé èmi nìkan ló kàn, bóyá n kì bá tí kọ̀wé sí yín. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ràlíà tó ń darí ìpàdé tẹ̀rín-tọ̀yàyà, wọ́n ní ẹ̀yìn ló ń jókòó sí báyìí. Bí wọ́n bá ní kí ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ kékeré kan, á ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe é. Mẹ́sẹ́ńjà wa sọ fún mi pé bí òun bá gbé fáìlì méjì lọ fún un, á kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé láti òkè tún wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún wọ̀nyí. Bí wọ́n bá ti ṣí fáìlì rẹ̀, tí wọ́n rí ìwé wí-tẹnu-rẹ yẹn, wọ́n á fo orúkọ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìwé náà tún dé. Ọ̀gá tuntun ni a ní báyìí, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti ṣàkíyèsí iṣẹ́ Ràlíà, ó sì fẹ́ kí ó lọ. Ó pè é, ṣùgbọ́n Ràlíà kọ̀wé sí i pé: "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fáìlì mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fi irú ohun báyìí lé mi lọ́wọ́, mo sọ ọ́ nù. Ẹ fún ẹni tó lè tọ́jú nǹkan." Yóò pé ogójì ọdún ní oṣù tó ń bọ̀. Èyí ni ìgbà ìkẹyìn.

Ọ̀gá pè mí. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ pẹ́ jù níbí. Ṣé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí lóòótọ́?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wo ìwé, sà."

Ó ní, "Ẹ wò ó, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí wá fún mi kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé yín ni n óò tẹ̀ lé."

Ó fi ìwé tí Ràlíà kọ lé mi lọ́wọ́. Ìwé tí mo sọ pé ó wà lórí tábìlì mi nìyẹn.

Lánàá mo gbé àkàbà, mo gun òkè. Fáìlì náà wà níbi tí mo fi í sí. Fọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, ó mọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni kọ sí i. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá àtijọ́ ṣì hàn kedere: "Ràlíà ni mo yàn." Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì kọ èsì mi fún Ọ̀gá tuntun, ojú ewé kan àti ààbọ̀. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí, láìdín, láìlé. Mo mọ̀ pé wọ́n lè lé mi lẹ́nu oṣù mẹ́rin tó kù yìí. Ó tọ́ sí mi. N kò béèrè lọ́wọ́ yín bóyá kí n fi ránṣẹ́, ọjọ́ Ajé ni n óò fi ránṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ń béèrè ni èyí. Kò yẹ kí Ràlíà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọ̀nà wo ni kí n gbà sọ fún un? N kò mọ bí a ṣe ń sọ irú rẹ̀. Ṣé kí n mú àgbà kan dání lọ sílé rẹ̀? Ṣé kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí ó lè sunkún níbi tí kò ti ní rí ojú mi? Àbí kí n kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo lè bí, ní ọ́fíìsì, níbi tí òun náà ti kúnlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe àìdáa sí ẹni tó fẹ́ràn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. N kò retí pé kí ó tún bá mi jẹun.

Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ti ṣe. Mo ti ṣí ìwé ńlá sí ojú ewé tuntun. Mo kọ nọ́ńbà fáìlì náà, mo kọ orúkọ ẹni tó ń gbà á. Àyè ìfọwọ́sí wà lófìfo. Bí mo bá gbé e dé iwájú rẹ̀, n óò sọ fún un pé kí ó má wo ojú mi, kí ó kà á kí ó tó fọwọ́ sí i. Ẹyọ kan ni.